Ẹ̀kọ́ Alẹ́ fún Ẹni tí Ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀sán: Ọ̀nà sí Oyè Ìmọ̀ Ẹ̀rọ láti Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Àwọn tí ń ṣe ètò ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan fún ìdílé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìtàn àwọn ọ̀gá àtijọ́ dùn ún kọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ yóò ti kọ èyíinì. Ohun tí a yàn ni ìbéèrè kan tí àwọn òbí máa ń dá wa dúró bi wá lẹ́yìn ìsìn, pàápàá ní àsìkò tí èsì ìdánwò bá ti jáde. Ìyá kan tàbí bàbá kan yóò sún mọ́ wa, yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, ọmọ wa fẹ́ di ẹnjiníà. Yunifásítì kò gbà á, owó tí yóò fi jókòó fún ọdún márùn-ún kò sì sí. Ó ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan báyìí. Ṣé kò ti parí nìyẹn?"

Kò tíì parí. Ọ̀nà kan wà tí ó gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kọjá, tí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì. Ó gùn, ó sì ní ibi tí wọ́n ti máa ń ja ènìyàn lólè. Nítorí ibi ìjalè yẹn gan-an ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí òbí má baà máa fi etí ìgbọ́ ṣe ojú ìríran.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Ẹ̀ka tí àwọn ọmọ agbègbè wa ń béèrè jù ni Mechanical Engineering, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ mọ́ ohun tí ń yí, ohun tí ń gbóná, àti ohun tí ń gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹni tí ó kà á ni mẹkáníìkì tí ó wọ táì. Kò rí bẹ́ẹ̀, a kò sì sọ èyí láti tẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ wo mẹkáníìkì tí nọ́ọ̀tì kan le mọ́ lọ́wọ́. Yóò wá páìpù, yóò ki ìdí sípánà rẹ̀ bọ inú páìpù náà kí ó lè gùn sí i, nọ́ọ̀tì yóò sì tú. Ọgbọ́n gidi ni. Bí sípánà bá gùn tó 0.3 mítà, tí ọwọ́ sì fi agbára 200 newton tẹ̀ ẹ́, ipá ìyípo tí yóò dé orí nọ́ọ̀tì jẹ́ 60 newton-mítà. Bí páìpù bá sọ gígùn náà di 0.6 mítà, ọwọ́ kan náà, tí kò fi agbára kún agbára, yóò fún un ní 120. Mẹkáníìkì mọ̀ pé ó rọrùn sí i. Ẹnjiníà mọ iye tí ó fi rọrùn, ó sì mọ iye tí bóòtù náà lè gbà kí ó tó já. Àárín ìmọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà: ìṣirò, bí irin ṣe ń tẹ̀ àti bí ó ṣe ń ya, ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́, ìmọ̀ ooru tí wọ́n ń pè ní thermodynamics, àti yíya àwòrán ẹ̀rọ.

Ọmọ tí ó ti di sípánà mú kí ó tó ka ìwé náà ní àǹfààní kan tí ẹni tí ó ti ilé girama wọlé tààrà kò ní. Ohun tí olùkọ́ ń yà sójú pátákó, ó ti fi ọwọ́ kàn án lọ́sàn-án. Àléébù rẹ̀ ni pé ìṣirò rẹ̀ ti ń dípẹtà. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ láìfọwọ́ kan ìṣirò, kí ó wá olùkọ́ oṣù mẹ́ta kan kí ó tó forúkọ sílẹ̀. Ìṣirò ni ó ń lé ọ̀pọ̀ wọn padà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa

Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni irú ìmọ̀ yìí ń gbé. Ìlú Ifọ̀ ti ń bá ẹ̀rọ gbé kí a tó bí àwọn bàbá wa. Ojú irin tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1930, wọ́n la ẹ̀ka kan láti Ifọ̀ gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò, bẹ́ẹ̀ ni Ifọ̀ ṣe di oríta ojú irin. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò, tí kò jìnnà sí i, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Nínú iná ààrò rẹ̀, òkúta ẹfun gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó di ohun tí a ń lọ̀ ní sìmẹ́ǹtì, ààrò náà sì ń yí láìdúró ní gbogbo àsìkò yẹn. Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Ní òde òní, ọkọ̀ ojú irin tuntun láàárín Èkó àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, Kájọlà náà sì ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa to wágọ́ọ̀nù pọ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2019.

Bí a ti dárúkọ ojú irin, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ George Stephenson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun àti ọmọ rẹ̀, Robert, ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Rocket, èyí tí ó borí nínú ìdíje ọdún 1829. Ọmọ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà ni. Ó ti pé ọmọ ọdún 18, ó sì ti ń tọ́jú ẹ̀rọ, kí ó tó mọ ìwé kà. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ó ti kọ́ ọ, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi san án. Bí a bá ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ alẹ́, kí a rántí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ tí ó gba Ifọ̀ kọjá.

Àwọn tí wọ́n ti rìn ín rí

Ìwé Mímọ́ pàápàá mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti àkókò gbogbo ayé. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 19, a kà pé Pọ́ọ̀lù ń kọ́ni lójoojúmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Tíránù ní Éfésù fún ọdún méjì. Nígbà tí a wà ní sẹ́mínárì, olùkọ́ wa fi hàn wá pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan fi ohun kan kún ẹsẹ náà: wọ́n ní láti wákàtí karùn-ún sí ìkẹwàá ni, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí agogo 11 òwúrọ̀ sí agogo 4 ọ̀sán. Àkókò tí oòrùn mú jù nìyẹn, tí àwọn ará ìlú ti pa iṣẹ́ tì láti sinmi, tí yàrá Tíránù sì ṣófo. Pọ́ọ̀lù ń fi òwúrọ̀ pa àgọ́, ó ń fi wákàtí ìsinmi àwọn ẹlòmíràn kọ́ni. Bóyá ọwọ́ Lúùkù ni àfikún náà ti wá, bóyá ọwọ́ adàwékọ kan ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ó kúkú bá ohun tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ rán àwọn alàgbà Éfésù létí ní orí 20 mu, pé ọwọ́ ara òun ni òun fi bọ́ ara òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú òun. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn náà fi oorun ọ̀sán wọn sílẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kàwé nílé, láàárín iṣẹ́ àti ìtọ́jú ìdílé, títí ó fi gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Kò tíì fi ẹsẹ̀ kan Lọ́ńdọ̀nù láti jókòó ní kíláàsì nígbà náà. Yunifásítì yẹn ti ń fún àwọn tí ó kàwé níbòmíràn ní oyè láti ọdún 1858, bí wọ́n bá ti lè ṣe ìdánwò rẹ̀ yege.

Ní ti Mechanical Engineering gan-an, ìrìn àjò Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí yẹ fún àkíyèsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó gbà. Òṣòdì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1937. Ó jáde ní CMS Grammar School ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ gẹ́gẹ́ bí tiwa. Kò ti ibẹ̀ fò sí yunifásítì. Ó kọ́kọ́ lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn láti ṣe ìdánwò A Level, ó ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní Sàríà, ó sì gba oyè ipele àkọ́kọ́ nínú Mechanical Engineering ní ọdún 1962. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni oyè náà, bẹ́ẹ̀ Sàríà ni ó ti kàwé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Imperial College, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966, tí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà sì tún fi oyè DSc dá a lọ́lá ní ọdún 1974. Yunifásítì Èkó ni ó ti kọ́ni títí ó fi kú ní ọdún 1984, ní ẹni ọdún 47. Ẹ ka iye ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà kọjá kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́. Títi ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn kì í ṣe àmì pé orí ọmọ kò pé.

Bí ọ̀nà náà ṣe rí

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní ilé girama, èyí sì kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Physics àti Chemistry sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbà kí ó jẹ́ èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí Chemistry bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tún un ṣe kí ó tó ronú ohun mìíràn, nítorí kò sí ìwé-ẹ̀rí tí yóò gbà lọ́jọ́ iwájú tí yóò dí ihò náà.

Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe. Ìwé-ẹ̀rí ND gba ọdún méjì fún ẹni tí ń lọ lọ́sàn-án, ó sì máa ń gba ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ó sún mọ́ wa tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí wọn ni Yaba College of Technology tí ó ti wà láti ọdún 1947, Federal Polytechnic ti Ìlaròó, àti Moshood Abiola Polytechnic ti Abẹ́òkúta. Àwọn méjì tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ti wà láti ọdún 1979. Kí òbí tàbí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ẹ̀ka yìí ní ọdún tí ó fẹ́ wọlé, nítorí ètò ìrọ̀lẹ́ a máa yí padà.

Láti ND ni yóò ti bọ́ sí yunifásítì nípa ohun tí JAMB ń pè ní Direct Entry. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní ipele 200, yóò sì lo ọdún mẹ́rin dípò márùn-ún. Ẹni tí ó ní HND lè rí yunifásítì tí yóò gbà á sí ipele 300, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, 4.00 ni òkè pátápátá: 3.50 sókè ni Distinction, 3.00 sí 3.49 ni Upper Credit, 2.50 sí 2.99 ni Lower Credit. Yunifásítì tí ó ní orúkọ fẹ́ràn Upper Credit sókè. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń sọ pé ND lásán ni, pé kí òun ṣáà ti yege, ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Tí ó bá wọlé tán, máàkì ND kò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lo òṣùwọ̀n 5.00, òfìfo sì ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: 4.50 sókè ni ipele àkọ́kọ́, 3.50 sí 4.49 ni ipele kejì ti òkè.

Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà JUPEB tàbí IJMB, ìdánwò tí ó ń mú ènìyàn dé ipele 200 lẹ́yìn ẹ̀kọ́ bí ọdún kan. Ó yá ju ND lọ. Àìdára rẹ̀ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni pé bí yunifásítì kò bá gbà á, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan nínú rẹ̀ tí yóò fi jẹun. Àwa fara mọ́ ND fún ọmọ tálákà.

Ọ̀rọ̀ yíyí láti yunifásítì kan sí òmíràn tún yàtọ̀. Ọmọ kan wà ní ibi tí ó jìnnà, bàbá rẹ̀ kú, ó sì ní láti padà wá sí ìtòsí ìyá rẹ̀. Ó lè tọrọ àyè ní yunifásítì mìíràn bí máàkì rẹ̀ bá dára, ṣùgbọ́n JAMB gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kí orúkọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ti àkọ́kọ́ lọ sí abẹ́ ti tuntun. Kí ó sì múra pé ó lè pàdánù ọdún kan, nítorí ọ̀pọ̀ kì í gba àlejò kọjá ipele 200.

Ẹ jẹ́ kí á ka ọjọ́ orí. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ND ìrọ̀lẹ́ ní ẹni ọdún 19 yóò parí rẹ̀ ní 22. Bí ó bá lo ọdún kan sí i lẹ́nu iṣẹ́ kí yunifásítì tó gbà á, 23 ni, ọdún mẹ́rin sì gbé e dé 27. Ó ṣì lè sìn ní NYSC, nítorí ẹni tí ó bá ti kọjá 30 nígbà tí ó gboyè ni wọ́n ń yọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 25 yóò gboyè ní 33, ìwé ìyọ̀ǹda ni yóò sì gbà. Ẹni tí ó gba oyè yunifásítì pátápátá nípa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kì í lọ sìn bákan náà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí ó má di ìyàlẹ́nu.

Ibi tí ọ̀nà ti le

A kò ní tan yín. ND ìrọ̀lẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n oyè Mechanical Engineering tí a lè fi ìrọ̀lẹ́ nìkan parí ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ń ka òfin tàbí ìṣirò owó lè gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní láti dé inú láàbù àti wọ́kíṣọ́ọ̀pù, kí ó fi ọwọ́ gé irin, kí ó wo bí ó ṣe ń ya. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ti ọ̀nà jíjìn kọ́ni kò fi lè tètè ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ yóò fi ìrọ̀lẹ́ gba ND láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí yunifásítì bá gbà á, yóò ní láti yàn láàárín owó oṣù àti kíláàsì ọ̀sán.

Ojú ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà. A ti rí ẹni tí ó gba ìwé ìgbàwọlé, tí ó fi sábẹ́ ibùsùn, tí kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun rí i gbà, nítorí àbúrò mẹ́ta ń jẹun nínú owó oṣù òun. Ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí á fi pèsè sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Kí ó máa fi díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù. Kí ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan yóò gbà kí ó máa ṣe iṣẹ́ alẹ́, tàbí kí ó máa padà wá ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́fà ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní SIWES, tí ó ti wà láti ọdún 1973, lè jẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bí yunifásítì bá fọwọ́ sí i.

Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà tún ṣe pàtàkì. Mowe àti Ibafo wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, odò Ògùn sì wà láàárín wọn. Ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìrìn wa. Ọmọ Ifọ̀ ní àǹfààní ńlá kan tí àwọn ará ibẹ̀ kì í kà sí: Ìbògùn, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ gbé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ gan-an. Ní ti Mowe, yunifásítì Redeemer's tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2005 ti kó lọ sí Ẹdẹ, ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni Mountain Top ti gba àṣẹ ní Ibafo àti Christopher ní Mowe. Pé yunifásítì wà ní àdúgbò kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ka tí ọmọ rẹ fẹ́ wà níbẹ̀. Kí á béèrè.

Lúùkù orí 14 sọ ti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò wákàtí náà. Bí kíláàsì bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, 12 nìyẹn. Bí lílọ àti bíbọ̀ bá gba wákàtí méjì, ó di 20. A kò tíì ka wákàtí tí yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a kò sì tíì ka ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un mọ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀, èyí tí àwa oníwàásù ní ìpín tiwa nínú rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ ìpàgọ́.

Níbi tí a ti ń sọ ti oníwàásù yìí, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ṣe alùfáà. Ọmọ tí ó ní wákàtí 20 lọ́rùn lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ kò lè wà ní ìdánrawò akọrin ní Ọjọ́rú, kí ó wà níbi àìsùn ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Kí á yọ̀ǹda rẹ̀ ní gbangba, níwájú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní apẹ̀yìndà. Àwa ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń dà láàmú jù, nítorí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ń dé ilé ní agogo mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ni.

Rákélì àti Léà

Jákọ́bù sin Lábánì fún ọdún méje nítorí Rákélì. Alẹ́ ni wọ́n mú ìyàwó wá fún un. Ilẹ̀ mọ́ ni ó tó rí i pé Léà ni. Ọdún méje náà lọ, ó sì ní láti tún méje mìíràn sìn. Kò sí ìtàn tí ó bá ohun tí a ti fi ojú wa rí mu tó èyí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, forúkọ sílẹ̀ ní ibi kan tí a kò ní dárúkọ. Ilé gbígbé tí wọ́n háyà ni. Wọ́n ní ẹ̀ka yunifásítì kan ni àwọn, pé ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ni àwọn ń kọ́ni, pé oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ni yóò gbà. Ọdún mẹ́rin ni ó fi san owó. Nígbà tí ó fẹ́ gba àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀, ó lọ sí olú yunifásítì náà fúnra rẹ̀. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, kò sí níbẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ ilé tí ó ń júwe. Ó padà bẹ̀rẹ̀ ND láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ní ẹni ọdún 28.

Ẹ̀yin òbí, ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀kan. NUC ni ó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yunifásítì, ó sì máa ń gbé orúkọ àwọn tí kò gbàṣẹ jáde. NBTE, tí ó wà láti ọdún 1977, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe. Ẹ̀kẹta ni COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1970. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Yunifásítì lè gbàṣẹ, kí ẹ̀ka Mechanical Engineering rẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ lè ní ìwé, ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí COREN tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹnjiníà, láìsí èyí kò sì lè fi orúkọ náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin. Ẹ̀ka ni kí ẹ béèrè, ẹ má ṣe fi mọ sí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ sì béèrè bóyá ìfọwọ́sí náà kan ètò ìrọ̀lẹ́, tàbí ti ọ̀sán nìkan.

Ẹ má sì gbàgbé pé COREN ní ìwé orúkọ fún àwọn tí kò tíì dé ibi oyè náà: technologist fún ẹni tí ó ní HND, technician fún ẹni tí ó ní ND, àti oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó gba ND ní Ìlaròó tí kò rí owó yunifásítì lọ́dún yẹn kì í ṣe ẹni tí ó ṣubú lójú ọ̀nà. Ó lè dúró lórí àtẹ̀gùn náà, kí ó máa jẹun, kí ó máa tọ́jú àbúrò, kí ó sì tún gòkè nígbà tí ọwọ́ bá ràn án.

Ohun kan tí ó kéré lójú ni a ó fi kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yunifásítì ti gbà tán tí àyè sì bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé àkọsílẹ̀ máàkì ND wọn kò dé lásìkò. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni ó ń fi í ránṣẹ́ sí yunifásítì ní tààrà, wọn kì í fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá ra fọ́ọ̀mù Direct Entry ni kí ó ti tọrọ rẹ̀, kí ó pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́, kí ó sì padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bóyá wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù láti dá àwọn òbí lóhùn lórí irú nǹkan báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún.